Ìrìn Àjùmọ̀rìn: Eré Ìdárayá fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Fẹ́ Bẹ̀rẹ̀

Bí dókítà bá sọ fún ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún pé kó máa ṣe eré ìdárayá, bọ́ọ̀lù gbígbá, eré sísá tàbí irin gbígbé ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Ẹ̀rù á bà á, á sì pa ọ̀rọ̀ náà tì. Bẹ́ẹ̀ rèé, ìrìn ẹsẹ̀ lásán náà wà lára ohun tí dókítà ń wí, pàápàá fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà ń yọ lẹ́nu. Ohun tó sì máa ń mú kí ìrìn náà tọ́jọ́ ni kí ènìyàn má dá a rìn.

Dókítà David Sabgir, oníṣègùn ọkàn ní ìlú Columbus, ní ìpínlẹ̀ Ohio lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ti gba àwọn aláìsàn rẹ̀ nímọ̀ràn títí, wọn kò gbọ́. Lọ́dún 2005, ó ní kí wọ́n wá bá òun rìn ní ọgbà ìgbafẹ́ kan. Ènìyàn tó lé ní 100 ló yọjú. Bí ètò tí wọ́n ń pè ní Walk with a Doc ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́dún 2015, olùwádìí méjì ní Yunifásítì East Anglia, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó ìwádìí 42 jọ, èyí tí ènìyàn 1,843 kópa nínú wọn. Wọ́n rí i pé ìrìn àjùmọ̀rìn ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó ń dín ọ̀rá ara kù, ó sì ń mú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn fúyẹ́.

Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ fún àgbàlagbà, bí ìrìn náà bá yá díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀sẹ̀ kìíní lé e bá o. Ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tó láti bẹ̀rẹ̀, kí a wá máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Ní ti 10,000 ìṣísẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń pariwo rẹ̀, orúkọ ọjà ló ti wá: ẹ̀rọ tó ń ka ìṣísẹ̀, tí wọ́n gbé jáde ní Japan lọ́dún 1965.

Ohun tó ń tú ẹgbẹ́ ká ni ìfigagbága. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá á ti lọ, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á máa mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn, kò sì ní padà wá mọ́. Nítorí náà, ẹsẹ̀ ẹni tó lọ́ra jù ni kí gbogbo wọn máa bá rìn. Kí ẹnìkan ṣíwájú, kí ẹnìkan kẹ́yìn. Lójú tèmi, ẹni tó kẹ́yìn ló ṣe pàtàkì jù. Bí ẹ bá lè bára yín sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, ìrìn náà tó. Bí ọ̀rọ̀ bá ń já mọ́ yín lẹ́nu, ẹ dẹ ẹsẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, òwúrọ̀ kùtù ló dára, kí oòrùn tó mú, pápá ilé-ìwé sì sàn ju títì lọ. Bó bá jẹ́ títì tí kò ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni, ọwọ́ òsì ni kí ẹ gbà, kí ẹ lè máa rí ọkọ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ sì tò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàtà tó di ẹsẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe sálúbàtà. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò lẹ́yìn ìrìn, nítorí ọgbẹ́ lè wà níbẹ̀ tí kò ní mọ̀ ọ́n lára. Bó bá ń gba abẹ́rẹ́ insulin, kó mú ohun dídùn dání. Ẹni tó ní àìsàn ọkàn, kó kọ́kọ́ rí dókítà. Bí àyà bá ń dun ẹnikẹ́ni tàbí tí òòyì kọ́ ọ lójú ọ̀nà, kó dúró, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn; kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kó fara dà á.

Kí wọ́n gba nọ́ńbà fóònù ara wọn. Ẹni tí a kò bá rí lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹnìkan pè é.