Labalábá, Ẹ̀gún àti Ọ̀nà Ajah

Labalábá tó bá dìgbò lu ẹ̀gún, aṣọ rẹ̀ á fàya. Ẹni tó fẹ́ bá alágbára forí gbárí ni àwọn àgbà ń fi òwe yìí kìlọ̀ fún. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e ka orí labalábá gan-an, ó yẹ ká béèrè: kí ló ń lé e lọ síbi ẹ̀gún?

Oúnjẹ ọmọ ni. Ẹ wo labalábá ńlá dúdú alámì ìyeyè tó máa ń fò yí igi ọsàn ẹlẹ́gùn-ún ká. Orí ewé ọsàn ló ń yé ẹyin sí, ewé náà sì ni ìdin rẹ̀ ń jẹ dàgbà. Bí ìdin bá pọ̀ jù lórí igi kan, ewé á tán. Agbọ́n kéékèèké tó ń yé ẹyin sínú ìdin á sì mọ ibẹ̀. Abo tó bá pín ẹyin rẹ̀ káàkiri ló ń dá ọmọ sí. Bíbí sí i ló ń lé wọn jáde. Jíjáde wọn ló ń jẹ́ kí wọ́n bí sí i níbòmíràn.

Ilkka Hanski, onímọ̀ ọmọ Finland tó kú ní 2016, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣọ́ irú èyí ní erékùṣù Åland, níbi tí oríṣi labalábá kan ti ní pápá bí 4,000 tó lè gbé. Lọ́dọọdún, wọ́n ń run ní pápá kan, wọ́n ń tẹ òmíràn dó. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé abo tó wà ní ibùdó tuntun lágbára ìfò ju ti ibùdó àtijọ́ lọ, ó sì ń tètè yé ẹyin. Ṣùgbọ́n bí pápá bá jìnnà síra jù, arìnrìn-àjò á kú sọ́nà: ibi tó fi sílẹ̀ á dín, ibi tó ń lọ kò ní kún.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Lekki ní Èkó. Ní 1990 ni Nigerian Conservation Foundation dá Lekki Conservation Centre sílẹ̀, hẹ́kítà 78 tó ní irà àti igbó. Láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gba Ìkọ̀tá àti Victoria Garden City dé Ajah, títì, ògiri àti kọnkéré ló gba ilẹ̀ kan. Ká ní abo labalábá igi ọsàn 10 jáde nínú ọgbà náà, tí 9 ṣègbé sọ́nà, ẹyọ kan tó kù kò lè tẹ ibì kankan dó láìrí igi bí ọsàn tí ìdin rẹ̀ lè jẹ.

Ọgbà kan ṣoṣo kò tó. Ẹ̀yin onílé láti ẹnu ọ̀nà ọgbà náà dé Ajah, ẹ gbin ọsàn wẹ́wẹ́ sẹ́yìnkùlé, ẹ má sì tètè fín oògùn sí i torí pé ìdin jẹ ewé díẹ̀. Igi ọsàn tó ti dàgbà kì í torí ìyẹn kú.