Ìdánwò GMAT: Bí a ṣe lè yan ìwé ìgbáradì láìfi owó àti àsìkò ṣòfò

  

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá wa ní mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Ìṣáì níbí ní Ìlọrin. Ó ti gba digiri àkọ́kọ́, ó sì fẹ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ MBA. Ìwé mẹ́fà ló kó sínú báàgì, tòkúnbọ̀ ni gbogbo wọn. Ó ní òun ti fi oṣù mẹ́ta ka apá tí wọ́n ti ń ṣe àtúnṣe gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n ń pè ní Sentence Correction. Nígbà tí a yẹ àwọn ìwé náà wò, èyí tí ó tuntun jù nínú wọn jẹ́ ti ọdún 2019. Apá tí ó fi oṣù mẹ́ta kà yẹn, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ìdánwò pátápátá. Owó ti lọ, àsìkò sì ti lọ. Kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹlòmíràn la ṣe kọ àlàyé yìí.

Kí ni GMAT?

GMAT ni ìdánwò tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ okòwò ní àgbáyé fi ń yan àwọn tí wọn yóò gbà sí MBA. Ọdún 1954 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Àjọ tí ó ni ín ni Graduate Management Admission Council, tí ìgékúrú orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ GMAC, ní Amẹ́ríkà. Ní ilẹ̀ wa níbí, Lagos Business School, tí ó wà lábẹ́ Pan-Atlantic University, wà lára àwọn tí ń béèrè GMAT tàbí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ló ń béèrè rẹ̀. Àwọn kan ń gba GRE dípò rẹ̀, àwọn mìíràn sì ní ìdánwò tiwọn. Nítorí náà, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí ìwé, ẹ kọ́kọ́ bi ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ wọ̀ léèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́.

Ohun tí ó yí padà

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023 ni GMAC gbé ìdánwò tuntun jáde, tí wọ́n pè ní GMAT Focus Edition. Nígbà tí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 parí, wọ́n pa ti àtijọ́ tì. Èyí tuntun nìkan ló kù lónìí.

Apá mẹ́ta ló ní, ìṣẹ́jú 45 sì ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ni Quantitative Reasoning, ìyẹn ìṣirò, tí ó ní ìbéèrè 21. Ìkejì ni Verbal Reasoning, ìyẹn kíka àyọkà àti gbígbé àríyànjiyàn yẹ̀ wò, ìbéèrè 23. Ìkẹta ni Data Insights, níbi tí wọ́n ti ń bi yín nípa tábìlì, àwòrán ìṣirò àti ìròyìn oríṣiríṣi, ìbéèrè 20. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìbéèrè 64 ní wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 15.

Ohun mẹ́ta ni wọ́n yọ kúrò: àròkọ, àtúnṣe gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì àti jẹ́ómẹ́tírì. Máàkì náà yí padà. Láti 200 dé 800 ni ti tẹ́lẹ̀; láti 205 dé 805 ni ti ìsinsìnyí. Ẹni tí ó bá gba 645 lónìí fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ẹni tí ó gba 700 láyé àtijọ́ dọ́gba. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìwé àtijọ́ fi máàkì rẹ̀ dẹ́rù bà yín.

Bí a ṣe ń dá ìwé mọ̀

Ní Pósítọ́fíìsì, ní Tankẹ àti níbikíbi tí wọ́n bá ti ń ta ìwé, ẹ má wo èèpo ẹ̀yìn ìwé nìkan. Ẹ ṣí ojú ìwé tí wọ́n to àkóónú sí. Bí ẹ kò bá rí Data Insights níbẹ̀, ìwé àtijọ́ ni. Bí ẹ bá sì rí Sentence Correction, ìwé àtijọ́ náà ni.

Èyí kò wí pé ìwé àtijọ́ kò wúlò rárá. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ká ìwé tuntun lè fi ti àtijọ́ kọ́ ìṣirò, áljẹ́brà, kíka àyọkà àti Critical Reasoning. Ìbéèrè Data Sufficiency rẹ̀ náà ṣì wúlò, ṣùgbọ́n inú Data Insights ni ó ti ń jáde báyìí, kì í ṣe inú ìṣirò mọ́. Kí ó kàn fo àwọn apá tí a ti yọ kúrò yẹn.

Èwo ni kí a kọ́kọ́ rà?

Bí owó bá tó fún ìwé kan ṣoṣo, kí ó jẹ́ GMAT Official Guide tí GMAC fúnra wọn ṣe. Ìbéèrè tí wọ́n ti lò rí nínú ìdánwò ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n tún ní ìwé kéékèèké mẹ́ta, ọ̀kan fún apá kọ̀ọ̀kan. Ẹ ra ti apá tí ó bá ń ni yín lára jù.

Àmọ́, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ lọ sí ìkànnì mba.com. Ìdánwò àfidánrawò méjì tó pé wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ṣe ọ̀kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ dúró sí, kí ẹ fi èkejì pamọ́ di ìgbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ìwé àwọn bíi Manhattan Prep àti Kaplan dára fún ẹni tí ó nílò àlàyé láti ìpìlẹ̀, pàápàá ẹni tí ó ti pẹ́ tí ó ti fi ìṣirò sílẹ̀. Àlàyé ni kí ẹ máa wá nínú wọn. Inú ìwé GMAC ni kí ẹ ti máa wá ìbéèrè.

Nílé kéwú, a kì í gbé Alfiyya Ibn Malik lé ọmọ tí kò tíì parí Ajurumiyya lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti èyí. Ìwé kan tí a kà parí sàn ju mẹ́fà tí a ṣí lọ. Ẹ ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ẹ ó máa kọ gbogbo ìbéèrè tí ẹ bá kùnà sí, pẹ̀lú ìdí tí ẹ fi kùnà. Ẹ máa padà sí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

PDF ọ̀fẹ́ àti expo

Ọ̀pọ̀ ló ń pín ìwé wọ̀nyí lórí WhatsApp láìgba àṣẹ. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ní ọdún 1988, ní Kuwait, àjọ àwọn onímọ̀ fíkíhì lágbàáyé ṣe ìpinnu pé ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lórí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́ tí sharia dáàbò bò, a kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè da owó pọ̀ ra ojúlówó kan, kí ẹ jọ máa kà á. Èyí mọ́ jù.

Expo tún burú ju ìyẹn lọ. Ní ọdún 2008, ilé-ẹjọ́ Amẹ́ríkà dá GMAC láre lórí ìkànnì kan tí ń jẹ́ Scoretop, tí ó ń tú ìbéèrè ìdánwò síta. Owó ìtanràn náà ju mílíọ̀nù 2 dọ́là lọ, GMAC sì fagi lé èsì ènìyàn 84. Ẹ̀sìn wa kò fàyè gba ẹ̀tàn. Ẹni tí ó bá fi irọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ okòwò, kí ni a fẹ́ kí ó fi ṣe okòwò nígbà tí ó bá jáde?

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀

Orúkọ tí ó wà lórí pásípọ́ọ̀tù yín ni kí ẹ kọ, létà sí létà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń kọ Abdulraheem níbí, a tún ń kọ Abdul-Rahim lọ́hùn-ún. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó sanwó. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ má mú ọ̀sán Jímọ̀ tàbí wákàtí tí yóò gba ìrun mọ́ yín lọ́wọ́; òwúrọ̀ ló dára jù. Ọdún márùn-ún ni èsì náà yóò fi wúlò, nítorí náà ẹ má kánjú jókòó fún un kí ẹ tó múra tán.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ìmọ̀ àwọn ọmọ wa, kí Ó sì ṣe é ní ìmọ̀ tí yóò ṣe wọ́n àti àwùjọ Mùsùlùmí ní àǹfààní. Àmín.