Ojú Irin Ò Dé Ìbàràpá

Ìbejì lọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ Igbó-Ọrà. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà la fẹ́ sọ ní tiwa. Kí aṣètò-ìlú tó mú gègé, owó ti la ọ̀nà sílẹ̀. Ibi tí ọjà pọ̀ sí ni ìjọba òyìnbó la ojú irin gbà láti Èkó: ó gba Abẹ́òkúta, ó yà sápá ìlà-oòrùn, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Ìbàràpá méjèèje, Igbó-Ọrà, Èrúwà àti àwọn yòókù, wà lápá kejì. Kòkó wá bá ojú irin níbẹ̀. Owó kòkó ló kọ́ Ilé Kòkó tó parí ní 1965 n'Ìbàdàn. Iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀gúsí tiwa ò kọ́ ilé àwòṣífìlà kankan. Jíjẹ la jẹ ẹ́.

Ní 1976, wọ́n pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta. Abẹ́òkúta di olú-ìlú Ògùn, àwa bọ́ sí Ọ̀yọ́. Bẹ́ẹ̀ Abẹ́òkúta sún mọ́ Igbó-Ọrà ju Ìbàdàn lọ dáadáa! Tá a bá fẹ́ gba ìwé ilẹ̀, Ìbàdàn là ń forí lé. Tá a bá fẹ́ ta ẹ̀gẹ́, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ń sọdá sí Ògùn.