Àwọ̀ àti Lẹ́tà Nínú Fáìlì Ìtẹ̀wé

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ inú ìwé ti pẹ́. Jacob Christoph Le Blon (1667–1741), ọmọ ìlú Frankfurt, ni ó fi hàn pé àwọ̀ aró, ìyeyè àti pupa tó láti pèsè ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọ̀ yòókù, bí a bá ya àwo bàbà ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, tí a sì tẹ̀ wọ́n lé ara wọn lórí bébà kan náà. Nígbà mìíràn ó fi dúdú kún un. Orí ìlànà yìí ni yíǹkì mẹ́rin tí àwọn ilé ìtẹ̀wé ń lò dúró lé.

Ní 1985, PageMaker dé, pẹ̀lú ẹ̀rọ LaserWriter tí ó gbọ́ èdè PostScript. Iṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ó ń ṣètò ìwé. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ni ojú kọ̀ǹpútà fi ń kun àwòrán, kì í ṣe yíǹkì. Ẹni tí kò bá yí àwọ̀ fáìlì padà sí ti yíǹkì mẹ́rin, ohun tí ó rí kọ́ ni yóò gbà.

Ti lẹ́tà tilẹ̀ burú jù. Fáìlì tí kò bá gbé fọ́ǹtì rẹ̀ dání, fọ́ǹtì mìíràn lè gba ipò rẹ̀. Bí ìyẹn kò bá mọ ɛ́ àti ɔ́ tí a ń kọ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tàbí ẹ́ àti ọ́, àmì lè fò, kí ọkọ́ àgbẹ̀ di ọkọ ìyàwó lójú àgbàlagbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà. Ìlànà PDF/X-1a, tí ISO gbé jáde ní 2001, sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo fọ́ǹtì wà nínú fáìlì, kí àwọ̀ sì jẹ́ ti yíǹkì. Àmọ́ ìlànà náà kì í ka ọ̀rọ̀: àmì tí ó bá ti sọnù ṣáájú, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe jáde lórí bébà.