Àwọn Aládùúgbò Júpítà Gbígbóná: Ẹ̀rí Wọn lórí Bí Pílánẹ́ẹ̀tì Ńlá Ṣe Dé Ìtòsí Ìràwọ̀

Ní ọdún 1995, Michel Mayor àti Didier Queloz kéde pé pílánẹ́ẹ̀tì kan ń yí ìràwọ̀ 51 Pegasi po. Ìwọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ti Júpítà, síbẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin àti díẹ̀ ló fi ń yípo lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí Júpítà tiwa ń lo nǹkan bí ọdún 12. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni a ti rí láti ìgbà náà, a sì ń pè wọ́n ní Júpítà gbígbóná. Bí wọ́n ṣe dé ìtòsí ìràwọ̀ wọn ló ń fa àríyànjiyàn. Àwọn kan ní ńṣe ni wọ́n rọra sún wọlé nínú gáàsì àti eruku tó yí ìràwọ̀ náà ká nígbà èwe rẹ̀. Àwọn mìíràn ní òòfà pílánẹ́ẹ̀tì ńlá mìíràn tàbí ti ìràwọ̀ kejì ló da ipa ọ̀nà wọn rú, tó fi di gbọọrọ, kí ìràwọ̀ tiwọn tó fà wọ́n mọ́ra. Lójú tèmi, àwọn aládùúgbò wọn ni ẹlẹ́rìí tó ṣe é gbára lé jù, nítorí òmìrán tó bá gba ọ̀nà kejì yìí wọlé kò ní fi pílánẹ́ẹ̀tì kékeré sílẹ̀ nítòsí.

Ẹ̀rí àkọ́kọ́, tó gbe ọ̀nà kejì lẹ́yìn, lágbára. Ní 2012, Jason Steffen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ 63 wò nínú àwọn Júpítà gbígbóná tí awò awọ̀nàjíjìn Kepler fi hàn, wọn kò rí aládùúgbò kan ṣoṣo. Ẹnìkan lè sọ pé bóyá awò náà ni kò ríran tó. Ṣùgbọ́n ní 2016, Chelsea Huang àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi àkọsílẹ̀ Kepler kan náà wo àwọn òmìrán tó jìnnà díẹ̀ sí i, tí ń lo ọjọ́ 10 sí 200, nǹkan bí ìdajì wọn ló sì ní ẹlẹgbẹ́ kékeré. Ẹlòmíràn lè ní aládùúgbò náà wà, kò kàn gba iwájú ìràwọ̀ kọjá lójú wa ni. Bó bá wà, òòfà rẹ̀ yóò mú kí òmìrán máa yára dé iwájú ìràwọ̀ tàbí kó pẹ́ dé ibẹ̀. Steffen wá àmì yìí pẹ̀lú, kò rí i.

Ìràwọ̀ WASP-47 ló kọ́kọ́ tako èrò pé gbogbo wọn gba ọ̀nà kan náà. Òmìrán rẹ̀ ń lo ọjọ́ mẹ́rin. Ní 2015, Juliette Becker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí pílánẹ́ẹ̀tì kékeré kan tó ń lo wákàtí 19 nínú ipa ọ̀nà rẹ̀, àti òmíràn tó ń lo ọjọ́ 9 lóde rẹ̀. Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ kò lè la rúkèrúdò já. Kepler-730, TOI-1130 àti WASP-132 ti dara pọ̀ mọ́ ọn, ìwádìí kan ní 2023 sì ṣírò pé, ó kéré tán, nǹkan bí 12 nínú 100 Júpítà gbígbóná ló ní aládùúgbò nítòsí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye náà lè fi 6 lé tàbí kó fi 6 dín.

Lọ́nà jíjìn ńkọ́? Heather Knutson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i ní 2014 pé nǹkan bí ìdajì àwọn Júpítà gbígbóná ló ní òmìrán mìíràn lẹ́yìn. Àwọn kan fi èyí ṣe ẹ̀rí ọ̀nà kejì, pé òmìrán ẹ̀yìn náà ló ti Júpítà gbígbóná wọlé, ṣùgbọ́n wíwà níbẹ̀ kò sọ pé òun ló tì í: WASP-47 pàápàá ní òmìrán kan tó ń lo ọjọ́ 588, kò sì ba àwọn kékeré náà jẹ́. Nítorí náà, kí a má ṣe dájọ́ lórí Júpítà gbígbóná kankan kí a tó wá ìtòsí àti ọ̀nà jíjìn rẹ̀ fínnífínní. Ọdún mẹ́ta ni a ti mọ òmìrán WASP-47 kí ẹnikẹ́ni tó rí àwọn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.