Bọ́ílà Bàbá Mi

 Lọ́sẹ̀ yìí, n kò ní dá yín lágara pẹ̀lú ọ̀rọ̀ fáwẹ̀lì. Ẹ́ńjìnnì rélùwéè ni mo fẹ́ sọ, èyí kékeré tó wà lórí tábìlì mi ní Igbó-Ọrà níbí.

Bàbá mi ló ṣe é. Fítà ni wọ́n ní ilé iṣẹ́ rélùwéè ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta, níbi tí gbogbo èèyàn ń pè ní Lóko. Bí wọ́n bá dé láti ibi iṣẹ́, wọ́n á jókòó ti àtùpà, wọ́n á máa fi fáìlì ha àjákù ìdẹ àti bàbà. Ó gbà wọ́n tó ọdún méjì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí ìtàn náà. Ní 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Ìddó. Ó dé Ìbàdàn ní ìparí 1900, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Kẹta 1901. Àlàfo àárín irin méjèèjì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínṣì 6, ìyẹn mìlímítà 1,067. Ọ̀nà náà kò gba inú àwọn ìlú Ìbàràpá. Ó gba Abẹ́òkúta, ó gba Olókèméjì, ó forí lé Ìbàdàn. Ará Ẹ̀rúwà tàbí Igbó-Ọrà tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ ní láti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn. Ìyá bàbá mi ru láfún dé Olókèméjì lọ tà fún àwọn èrò ọkọ̀, ibẹ̀ sì ni bàbá mi, ọmọdé ìgbà náà, ti kọ́kọ́ rí ẹ́ńjìnnì tó ń mí bí ẹranko. Wọ́n ní àwọn sá. Wọ́n tún ní àwọn padà lọ wò ó.

Ọ̀rọ̀ tí a fi ń pè é náà ní ìtàn tirẹ̀. Lẹ́nu àwọn bàbá ńlá wa, ohun tó ń lọ lórí omi ni ọkọ̀. Nígbà tí ohun tó ń sáré lórí irin dé, a mú ọkọ̀ yìí kan náà, a fi ojú irin kún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni Hausa ṣe: jirgi jẹ́ ọkọ̀ omi, jirgin ƙasa, ọkọ̀ ilẹ̀, sì ni rélùwéè. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tí mọ́tò àti rélùwéè ti gba orúkọ náà tán, ọkọ̀ àkọ́kọ́ gan-an wá nílò àfikún. Ọkọ̀ ojú omi la wá ń pè é. Onílé wá di ẹni tí wọ́n ń bi pé ibo ló ń gbé.

Àwọn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní River ni bàbá mi wò ṣe tiwọn, nítorí orúkọ odò ni wọ́n fún wọn. Vulcan Foundry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wọn fún Nàìjíríà ní 1948: ẹsẹ̀ kékeré méjì níwájú, ńlá mẹ́jọ láàárín, kékeré méjì lẹ́yìn. Ara àwòrán River yìí ni wọ́n ti yọ kíláàsì 29 fún Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n ń fi epo dáná sí. Ọ̀kan nínú wọn ṣì wà ní ilé àkójọ ohun ìtàn rélùwéè ní Nairobi.

Lọ́dún tó kọjá ni mo dáná sí ti bàbá mi fún àwọn ọmọ-ọmọ mi. Kò pẹ́ tí oru fi ń fọn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ílà. Òjé àti tánganran ni bàbá mi fi lẹ̀ ẹ́, irú èyí tí àwọn tó ń tún rédíétọ̀ ṣe ń lò. Ó máa ń yọ́ ní nǹkan bí 183°C. Bí agbára oru bá dé báà 3, omi inú rẹ̀ ti gbóná tó 144°C. Bí omi bá wà níbẹ̀, kò burú. Bí omi bá gbẹ, ojú ìlẹ̀pọ̀ á ṣí, àwọn ọmọ sì nìyẹn tí wọ́n gbé ojú lé e! Bẹ́ẹ̀ ni kò sí gíláàsì tí a lè fi wo bí omi ṣe kù sí. Bàbá mi a máa fi etí gbọ́ ọ ni.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń tún fíríìjì ṣe ládùúgbò wa, nítorí àwọn ló ń lo ìlẹ̀mọ́ onífàdákà, èyí tí kì í yọ́ títí iná á fi kọjá 600°C. Ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. "Bàbá," ló wí, "n ò lè fi èyí lé òjé lórí o. Òjé á bà á jẹ́, kò ní mú. Àfi ká ha gbogbo ojú rẹ̀ dànù, tàbí ká ṣe òmíràn."

Ọ̀rọ̀ náà mú mi lómi. Ara bọ́ílà yẹn ni ojú fáìlì bàbá mi wà. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n lu nọ́ńbà iṣẹ́ wọn sí. Bí mo bá ha á, mo ti pa ọwọ́ wọn rẹ́. Bí n kò bá ṣe nǹkan kan, òkú ìdẹ lásán ni yóò máa jẹ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, tàbí kó jó ọmọ ọlọ́mọ lójú lọ́jọ́ kan.

Iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe ló gbà mí. Ẹ rántí ìpàdé Èkó ti 1875 lórí àkọtọ́ Yorùbá, ẹ sì rántí àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974. Ọmọdé òní tó bá rí "enia" àti "aiya" nínú ìwé àtijọ́ á kọsẹ̀. Ó tọ́ ká tún ìwé náà tẹ̀ fún un ní "ènìyàn" àti "àyà." Ṣùgbọ́n èwo nínú yín ni kò mọ̀ pé mo máa ń yọ máàkì lára ẹni tó bá tún ìwé àtijọ́ kọ láìsọ pé òun tún un kọ? Ẹ̀dà tuntun kò ní kí a jó ti àkọ́kọ́.

Nítorí náà, a ṣe bọ́ílà tuntun láti inú bàbà tó nípọn, a fi ìlẹ̀mọ́ onífàdákà pa á pọ̀, a fi gíláàsì omi sí i, a sì fi fáàfù tí yóò tú oru dànù bí agbára bá pọ̀ jù. Àgbá kẹ̀kẹ́, sílíńdà, písítìnì, gbogbo ìyẹn ṣì jẹ́ ti bàbá mi. Kí a tó dáná, a rọ omi tútù kún inú rẹ̀, a fi páḿpù ọwọ́ tì í dé báà 6, ìlọ́po méjì agbára tí yóò máa lò. Omi la fi dán an wò nítorí pé omi kì í fún pọ̀. Bí nǹkan bá já, yóò kàn tú omi díẹ̀ síta ni. Oru ló ń bú gbàù. Ó dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, géèjì kò mì. Lọ́jọ́ kejì, ẹ́ńjìnnì náà rìn.

Bọ́ílà àtijọ́ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. N kò tún un ṣe, n kò dán an. Mo so ìwé pélébé mọ́ ọn: ẹni tó ṣe é, ìdí tí a fi yọ ọ́, àti ọjọ́ tí a yọ ọ́.

Láti 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn, lórí irin tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1,435. Mo ti wọ̀ ọ́, ó dára. Ṣùgbọ́n inú mi dùn pé ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta, ẹgbẹ́ Legacy 1995 tún ilé Jaekel ṣe, ilé rélùwéè tí wọ́n kọ́ ní 1898, tí wọ́n sì kó ohun ìtàn rélùwéè sí i.

Ẹ̀yin tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n yín ṣiṣẹ́ rélùwéè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n ní orúkọ tí wọ́n ń pe irinṣẹ́ wọn, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe pè é gan-an. Ẹ má bá wọn tún un ṣe. Nọ́ńbà tó wà lábẹ́ bọ́ílà nìkan ni mo rí kà. Ariwo omi tí bàbá mi ń fetí sí, n kò bi wọ́n bó ṣe ń dún rí.