Àgùàlà Kì í Ṣe Ajá Òṣùpá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, àwọn ènìyàn ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Òwe yìí fi yé wa pé ó ti pẹ́ tí àwọn baba wa ti mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí a rí nǹkan lójú ọ̀run, ọ̀tọ̀ sì ni kí a mọ ohun tí í ṣe. Ẹni tó rí àgùàlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùpá kò purọ́. Ẹni tó pè é ní ajá òṣùpá ni kò wádìí. Ìyàtọ̀ yìí ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ dá lé, ó sì kan ọmọ Nàìjíríà kan tí a kì í sábà dárúkọ nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa.

Ní ọdún 1895 ni Wilhelm Röntgen, ará Jámánì, ṣàwárí ìtànṣán kan tó ń la ẹran ara kọjá. Nítorí pé kò mọ ohun tí í ṣe, ó fi lẹ́tà X pè é, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníṣirò ti máa ń fi X dúró fún ohun tí a kò tíì mọ̀. Òun náà ni ẹ́síréè tí a ń yà ní ọsibítù. Ìtànṣán yìí ń ti ojú ọ̀run wá pẹ̀lú, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó yí ayé ká kì í jẹ́ kí ó dé ilẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí i ní láti gbé ẹ̀rọ gun òkè. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 1962, Riccardo Giacconi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yin rọ́kẹ́ẹ̀tì kan láti White Sands ní Amẹ́ríkà. Ara òṣùpá ni wọ́n fẹ́ wá ìtànṣán náà sí, ṣùgbọ́n orísun mìíràn tó lágbára púpọ̀ ni wọ́n bá pàdé ní agbègbè ìràwọ̀ tí a ń pè ní Scorpius. Wọ́n pè é ní Sco X-1. Bẹ́ẹ̀ ni àkọsílẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀: orúkọ agbègbè, lẹ́tà X, àti nọ́ńbà.

Àmọ́ nọ́ńbà kì í ṣe ìdánimọ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1964, òṣùpá fẹ́ kọjá níwájú kùrukùru kan tí a ń pè ní Crab, èyí tó jẹ́ àjókù ìràwọ̀ tí àwọn ará Ṣáínà rí nígbà tó bú gbàmù ní ọdún 1054. Herbert Friedman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yin rọ́kẹ́ẹ̀tì sókè ní àkókò náà gan-an. Bí òṣùpá ti ń bo kùrukùru náà ni ìtànṣán rẹ̀ ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Ká ní ìràwọ̀ kékeré kan ṣoṣo ni orísun rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni ì bá pòórá. Nípa báyìí ni wọ́n fi mọ̀ pé láti ara kùrukùru náà ni ìtànṣán ti ń wá. Ìbéèrè kan ṣì kù: kí ni ó ń fún kùrukùru náà lágbára láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún wá?

Ibí yìí ni Samuel Okoye ti wọ inú ìtàn. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní Yunifásítì Cambridge, Antony Hewish sì ni olùkọ́ rẹ̀. Ìgbì rédíò ni wọ́n ń lò. Wọ́n mọ̀ pé bí ìgbì náà bá la inú ẹ̀fúùfù tó ń ti ara òòrùn wá kọjá, orísun tó bá kéré a máa ṣẹ́jú bí ìràwọ̀, èyí tó bá tóbi kì í ṣẹ́jú. Wọ́n rí i pé nǹkan kan nínú Crab ń ṣẹ́jú. Ní ọdún 1965 ni wọ́n kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Nature pé ohun kékeré kan tó lágbára lọ́nà àrà wà láàárín kùrukùru ńlá náà. Ní ọdún 1968 ni àwọn mìíràn rí i pé ìràwọ̀ kan tó ń yí bí òkòtó ní nǹkan bí ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan wà níbẹ̀. Ní ọdún 1969, a rí i pé ẹ́síréè rẹ̀ náà ń lù kìkì ní ìwọ̀n kan náà. Ìràwọ̀ yìí ni agbára kùrukùru náà ti ń wá. Hewish gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1974. Okoye padà sílé, ó sì dá ibùdó ìwádìí òfuurufú sílẹ̀ ní Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka. Ó papò dà ní ọdún 2009. Ọ̀pọ̀ ìwé tó ń sọ ìtàn ìràwọ̀ yìí ni kò dárúkọ rẹ̀. Àwọn tó sì dárúkọ rẹ̀, bí ẹni tó kàn ń tẹ̀lé olùkọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ni wọ́n máa ń tò ó sí.

Rọ́kẹ́ẹ̀tì kì í lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lókè. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1970 ni wọ́n yin sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tí a ṣe fún iṣẹ́ yìí nìkan, láti orí òkun Kẹ́ńyà. Nítorí pé àjọ̀dún òmìnira Kẹ́ńyà ni ọjọ́ náà, wọ́n sọ ọ́ ní Uhuru, èyí tí í ṣe òmìnira ní èdè Swahili. Orísun 339 ló wà nínú àkọsílẹ̀ kẹrin rẹ̀, tó jáde ní ọdún 1978. Àkọsílẹ̀ eROSITA tó jáde ní ọdún 2024 sì ní orísun tó tó nǹkan bí 900,000. Púpọ̀ nínú wọn ni a kà tán tí a kò tíì mọ̀ dájú.

Kí ni èyí kàn wá? Ní Ìjọra Badia, ọwọ́ ọ̀run kọ́ ni a ti ń rí X. Ní Èkó, lẹ́tà yìí kan náà ni wọ́n máa ń fi ọ̀dà pupa kọ sára ilé tí wọ́n bá fẹ́ wó. Ní ọdún 1973, ìjọba kó àwọn ará abúlé Olúwọlé kúrò níbi tí a kọ́ Tíátà Àpapọ̀ sí, ó sì kó wọn lọ sí Badia. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 2013, katakata wọ apá ìlà-oòrùn Badia, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì di aláìnílé. Mo ti rìn ní àdúgbò náà, mo sì rò ó pé Röntgen fi X jẹ́wọ́ pé òun kò mọ̀, ìwádìí sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń fi X sára ògiri ń fi parí ọ̀rọ̀ ni, láìbéèrè ẹni tó ń gbé inú ilé àti ibi tí wọ́n ti kó o wá.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí fà yọ nìyí. Àkọsílẹ̀ dára, kò sì sí ìmọ̀ láìsí i, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni. Bí a bá ti ka ohun kan tán, ó kù kí a bi í léèrè orúkọ rẹ̀ àti orírun rẹ̀, ì báà ṣe ìràwọ̀, ì báà ṣe ọ̀mọ̀wé ará Nsukka, ì báà ṣe ayálégbé ní Badia. Ọmọ tí a kò bá kọ́ ní ìbéèrè yìí yóò mọ iye ohun tó wà láyé, yóò sì máa pe àgùàlà ní ajá.